Òjìji Igi Akínlolú

Kí ọmọ ẹni ó kú, ó sàn ju kó nù lọ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú yóò sunkún, yóò sin ín, yóò sì mọ ibi tó sin ín sí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù, ọ̀nà ni yóò máa wò títí ojú rẹ̀ yóò fi gbẹ. Kí Elédùmarè má fi irú rẹ̀ dán wa wò.

Bámikẹ́, opó Ọdẹkúnlé, ní abúlé Àgọ́ Fágbénró lẹ́yìn Ọjà-Ọ̀dàn, ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Akínlolú, ọmọ kan ṣoṣo tó yè nínú èyí tó bí, ló gba Kétu lọ sí Kútọnu lọ ṣiṣẹ́ bíríkìlà. Láti Kútọnu ó forí lé ọ̀nà aṣálẹ̀. Ìgbà tó pè kẹ́yìn, ó ní, "Màámi, mo ti rí àwọn tí a jọ ń lọ. Ẹ má fòyà." Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pe nọ́ńbà rẹ̀, obìnrin kan ni yóò máa sọ Faransé lọ geerege, kò ní gbọ́ ti ẹni tó ń pè, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rẹ̀ ẹ́.

Síbẹ̀ Bámikẹ́ kò gbà pé ọmọ òun kú, nítorí pé igi ọmọ náà ń bẹ láàyè.

Igi obì ni. Nílé Ọdẹkúnlé, bí wọ́n bá bímọ, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń sin ìwọ́ rẹ̀ sí, wọn a sì gbin obì lé e lórí. Ọmọ a máa dàgbà, igi a máa dàgbà. Wọn kì í gé irú igi bẹ́ẹ̀ nígbà tí olúwa rẹ̀ bá ń mí. Bó bá wá di kàn-ń-pá, ìyá tàbí bàbá ọmọ ni yóò kọ́kọ́ fi àdá kàn án, yóò fi oríkì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ kí ẹlòmíì tó fọwọ́ kàn án. Láràárọ̀, tí Bámikẹ́ bá ti dìde lórí eékún àdúrà, ìdí igi yìí ló ń lọ. A fọwọ́ pa èèpo rẹ̀, a ní:

"Àkànní, ṣé o jí ire?
Àkànní ọmọ Ọdẹkúnlé,
Ọmọ ọdẹ tó wọgbó tí ẹranko ń bèèrè ọ̀nà ilé,
Ọmọ a-rìn-jìnnà-bí-ẹni-ń-lọ-sódò.
Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ ọ̀nà,
Ọ̀nà ò ní kọ ilé."

Bí igi bá yọ ewé tuntun, a sọ fún ará ilé pé, "Ọmọ mi ti róúnjẹ jẹ." Bí ìjì bá fa ẹ̀ka kan ya, kò ní jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín o. Ohun tó bá kù sọ́wọ́ ẹni la fi ń gbé ayé.

Ẹ̀yìnkùlé yìí kan náà ni omi wá bá a. Àjọ kan láti òkè òkun, tó ń fún àwọn abúlé ní omi, rán èèyàn wá yẹ ilẹ̀ wò. Wọ́n yẹ ọ̀tún, wọ́n yẹ òsì, gbalasa tó wà lẹ́yìn ilé Bámikẹ́ ni ilẹ̀ ti ní òun ní omi. Ó yọ̀ǹda rẹ̀, kò gba nǹkan kan. "Omi ò lọ́tàá," ló wí. "Ẹ gbẹ́ ẹ."

Ẹnjiníà Lukman, ọmọ Ìlaròó, ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń fi fìlà nu òógùn, ló kó àwọn ọmọ iṣẹ́ wá. Wọ́n gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ, wọ́n ri pọ́ǹpù sínú rẹ̀, wọ́n gbé táńkì dúdú kan sórí irin gíga, wọ́n sì to pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí irin kúkúrú tí kò ju ìbàdí àgbà lọ. Wọ́n fi wáyà yí gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n kan ilẹ̀kùn sí i, wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Kò sí epo bẹtiróòlù, kò sí ẹ̀rọ tó ń pariwo. Oòrùn yóò ran pánẹ́ẹ̀lì, pánẹ́ẹ̀lì yóò mú pọ́ǹpù ṣiṣẹ́, pọ́ǹpù yóò sì ti omi gòkè sínú táńkì. Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, àwọn obìnrin ò lè dúró gba omi. Ṣe ni wọ́n ń dà á sára wọn. Bàrúwà ni wọ́n fi ṣe alága omi. Kọ́kọ́rọ́ sì wà ní etí gèlè ìyàwó rẹ̀, Roheemat, tó máa ń ná ọjà Pòbè lọ́hùn-ún ààlà, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé pé òun gbọ́ Faransé.

Roheemat yìí náà ló rí ohun tí Ẹnjiníà ò rí.

Láfún ni abúlé náà ń jẹ, láfún ni wọ́n sì ń tà. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti rẹ, tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ dànù, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ń sá a sí tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ a jẹ nínú rẹ̀, eruku ọkọ̀ a bù sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan Roheemat wọlé lọ gbálẹ̀ nínú wáyà, ó fọwọ́ kan pánẹ́ẹ̀lì, ó sì figbe ta.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ wá fọwọ́ kan nǹkan yìí! Ó gbóná ju ojú títì lọ! Ó mọ́ bí àwo ìjẹun!"

"Ṣé kò ní dí ẹ̀rọ lọ́wọ́?" Fúnmilọ́lá, ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, ló bèèrè.

"Dí kí ni lọ́wọ́? Ìyàwó, o ò tíì pẹ́ nílé ọkọ, o ti fẹ́ di ẹnjiníà! Oòrùn tó ń gbẹ aṣọ lórí okùn, ṣé ó sọ pé òun ò ráàyè gbẹ láfún nílẹ̀ ni? Oòrùn Ọlọ́run kì í tán. Láfún a mu tiẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì a mu tiẹ̀. Ewúrẹ́ ò lè wọbí mọ́. Mẹ̀sí, òyìnbó!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, bí Roheemat bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, àwọn obìnrin a gbé agbọ̀n wọlé. Wọn a tẹ́ láfún sórí pánẹ́ẹ̀lì, wọn a máa yí i, wọn a sì kó o nírọ̀lẹ́. Ó ń yá gbẹ, ó ń funfun. Wọ́n pe Bámikẹ́ náà pé, "Màmá, ẹ kó tiyín wá o, ṣebí ilẹ̀ yín ni." Ó kó o wá.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, tí ẹ̀gẹ́ pọ̀ lóko, táńkì kò kún mọ́. Ní bí ìgbà ìrun àlásárì, ẹnu ẹ̀rọ a wúkọ́ fìn-ín, a tu atẹ́gùn, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ omi lẹ́yìn náà, kó gbé garawa kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, níbi tí màlúù ti ń mu omi.

Bàrúwà pe Ẹnjiníà Lukman lórí fóònù, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Iṣẹ́ ti gbé ọkùnrin náà lọ sí ibi tó jìnnà, kò lè wá kíákíá.

"Ẹ wò ó bóyá nǹkan kan ń bo pánẹ́ẹ̀lì mọ́ oòrùn," Lukman wí. "Ohunkóhun tó bá ń bò ó, ẹ mú un kúrò."

Ọjọ́ ti rọ̀ nígbà náà. Bàrúwà gbójú sókè, ó rí òjìji igi obì tó na ara rẹ̀ dé etí pánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀: láfún ìyàwó rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ gbalaja, ó funfun bí lékeléke, obìnrin sì ń bẹ lórí rẹ̀ tó ń fọwọ́ yí i. Ojú rẹ̀ fò ó kọjá. Ta ló ń wo láfún lábúlé tí wọ́n ti ń jẹ láfún?

"A ti rí i, Ẹnjiníà!" ó kígbe. "A ti rí i!"

Wọ́n tọ Bámikẹ́ lọ, Bàrúwà àti àwọn àgbà ilé. Ó gbọ́ wọn títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.

"Igi wo lẹ ní kí n gé?"

"Igi obì ẹ̀yìnkùlé yín ni, Màmá."

"Mi ò ní igi obì lẹ́yìnkùlé. Akínlolú ló wà níbẹ̀."

"Màmá," Bàrúwà fi sùúrù dá a lóhùn, "igi kì í ṣe ọmọ. Ọmọ wà níbi tó wà, Ọlọ́run ń ṣọ́ ọ. Gbogbo abúlé lòùngbẹ ń gbẹ."

"Bàrúwà, ìwọ náà mọ ibi tí ìwọ́ rẹ wà, o mọ̀ pé ọ̀pẹ ni bàbá rẹ gbìn lé e. Lọ gé e wá, kí o gbé e wá fi hàn mí. Lójú ẹsẹ̀, mo máa gé tèmi."

Wọ́n dìde lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ayé ò dìde lọ. Bí Bámikẹ́ bá dé ibi ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ a dákẹ́. Bí ó bá gbé garawa, ẹnìkan a sọ fún afẹ́fẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ kí ìyá onígi bu omi, òun ló ni ín." Òmíràn a ní, "Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò sí nílé, kí ló kàn án bí ọmọ ẹlòmíì bá ń rìn lọ sódò?" Bámikẹ́ a gbé omi rẹ̀, a máa lọ. Àgbà tó bá fẹ́ bá gbogbo ẹnu jà, eyín rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ká.

Ọlọ́run má jẹ́ ká rí àgbákò. Fúnmilọ́lá, pẹ̀lú oyún inú tó ti ń hàn, lọ sódò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nítorí pé ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ó yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, ó ṣubú, ó sì fi apá dá. Oyún kò bà jẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọba òkè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e dórí ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ onítọ́jú egungun, ọ̀rọ̀ ti gba abúlé kan: igi Ìyá Akínlolú ló ṣẹ́ ọmọbìnrin náà lápá.

Roheemat ló wá, ó kúnlẹ̀, kò ṣe àwàdà lọ́jọ́ náà. "Màmá, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tó wà nínú Fúnmilọ́lá, ẹ tìtorí rẹ̀ gbà fún wa."

Bámikẹ́ dìde. Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ jà. Nígbà tó jáde, àdá ọkọ rẹ̀ ló mú lọ́wọ́.

"Ẹ pe Oyèwọlé kó gbé ẹ̀rọ ìgégi rẹ̀ wá," ló wí. "Ohun kan ni mo bẹ̀ yín. Kùkùté rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ìwọ́ wà."

"Ta ló máa fọwọ́ kàn án?" Bàrúwà dáhùn. "Ó tì o!"

Ó dúró ti igi náà níwájú gbogbo wọn.

"Àkànní, má bínú.
Àkànní, má yíjú padà lọ́nà.
Kì í ṣe ọ̀tá ló gbé àdá,
Ọwọ́ tó wẹ̀ ọ́ ni.
Ọmọ ọdẹ, òùngbẹ ń gbẹ ilé,
Bí omi bá dé ọ̀dọ̀ rẹ níbi tó o wà,
Mu ún, má bèèrè ibi tó ti wá."

Ó gbé àdá sókè, ó fi kàn án lẹ́ẹ̀kan. Oje rọra yọ. Ó ju àdá sílẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹ̀rọ Oyèwọlé bú ramúramù. Nígbà tí igi wó, èso rẹ̀ tí kò tíì gbó fọ́n ká, àwọn ọmọdé sì ń fi gbá bọ́ọ̀lù.

Omi kò pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì, bí àlásárì ti ń súnmọ́, ẹ̀rọ tún wúkọ́. Wọ́n ní ó ṣì ń bọ̀ wá bá ara mu. Ọ̀sẹ̀ yí ká, ó tilẹ̀ wá dín kù, nítorí pé ọ̀gbẹlẹ̀ ń le, láfún sì ń pọ̀. Ìgbà náà ni ẹnìkan, tí kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó jẹ́, sọ pé kì í ṣe orí igi ló ń ṣe wọ́n bí kò ṣe gbòǹgbò. Gbòǹgbò ń bẹ nísàlẹ̀ tó ń fa omi mu kí pọ́ǹpù tó fà á. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì rọrùn láti gbà gbọ́.

Wọn ò padà wá bèèrè. Lọ́jọ́ ọjà Ọjà-Ọ̀dàn ni, tí Bámikẹ́ gbé láfún rẹ̀ lọ tà. Nígbà tó dé, ibi tí kùkùté wà ti di kòtò. Wọ́n ti hú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n ti dáná sun ún, wọ́n sì ti gbá eérú dànù. Ó bọ́ sínú kòtò náà pẹ̀lú aṣọ ọjà lára rẹ̀, ó ń fọwọ́ tú iyẹ̀pẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Kí ni ì bá rí? Ohun tí ilẹ̀ ti gbà láti ìgbà tí Akínlolú wà ní ìkókó.

"Ta ló ní kí wọ́n ṣe é?" ó bèèrè.

Gbogbo wọn ló ṣe é, nítorí náà kò sẹ́ni tó ṣe é.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ibi tí yóò lọ lẹ́yìn àdúrà. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Bí wọ́n bá kí i, a jẹ́ wọn. Kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lukman wá dé níkẹyìn, lórí ọ̀kadà, lọ́sàn-án gangan, láìránṣẹ́ síwájú. Gbogbo èèyàn rọ́ tẹ̀ lé e. Bámikẹ́ náà dìde, nítorí pé ẹ̀yìnkùlé òun ni. Ọ̀dọ́kùnrin náà dé ẹnu wáyà, ó dúró. Ó wo pánẹ́ẹ̀lì, ó wo Bàrúwà, ó tún wo pánẹ́ẹ̀lì. Kò sí ibi kan tó dúdú nínú rẹ̀ mọ́. Láfún ló bo gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ fìlà.

"Alága, kí lèyí?"

"Láfún ni, Ẹnjiníà."

"Mo mọ̀ pé láfún ni! Ìyá mi ń rò ó fún mi! Kí ló ń ṣe níbí?"

"Wọ́n sá a ni," Bàrúwà wí, bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tí ọmọdé mọ̀.

"Ọjọ́ wo lẹ ti ń sá a?"

Roheemat ń wo ilẹ̀. "Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Lukman. "Ẹ kó o kúrò. Ní báyìí. Ẹ bu omi wá, ẹ fọ̀ ọ́."

Wọ́n kó o. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ojú pánẹ́ẹ̀lì, wọ́n fi èékánná ha á. Bámikẹ́ náà ń wò wọ́n. Ó mọ igun tí tòun máa ń wà. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán tí ojú rẹ̀ dúdú, tó ń kọ mànà, pọ́ǹpù jí nísàlẹ̀ ilẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ sínú táńkì, ó ń dún bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù. Àwọn ọmọdé pariwo. Àgbà kankan kò bá wọn pariwo.

"Ẹ ò rí i bí?" Lukman wí. "Omi ò fìgbà kan tán." Ó wá wò yíká. "Igi obì tó wà níbí ńkọ́?"

Ojú gbogbo wọn lọ síbi kòtò.

"A gé e," Bàrúwà wí. "Ẹ̀yin lẹ ní kí a mú ohun tó ń bò ó kúrò."

"Igi yẹn? Ọwọ́ ìwọ̀ oòrùn ló wà! Kí òjìji rẹ̀ tó dé ibí, ó yẹ kí táńkì ti kún tó ń ṣàn sílẹ̀. Mo rí igi náà kí n tó gbẹ́ ihò kan ṣoṣo níbí. Òun ni mo wò tí mo fi to pánẹ́ẹ̀lì báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa torí tiwa gé e." Ó nu ojú. "Igi yẹn ò ṣe yín ní nǹkan kan."

Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá sílẹ̀, ó sì sàn fún un bẹ́ẹ̀.

Bàrúwà tún fìlà rẹ̀ dé. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀, nítorí pé bí ó bá dúró yóò wá orí tí yóò gbé ẹ̀bi lé. "Ẹ̀yin ará," ó wí, "ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń yé wa. A kì í fi ẹ̀dùn dúpẹ́. Omi ti dé. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi àdúrà pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Ẹ̀yin la ní."

Òótọ́ ni. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé, ẹnu rẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń gba àdúrà. Gbogbo wọn tẹ orí ba. Bámikẹ́ dúró létí kòtò, ó pa ojú dé.

"Ọba tó dá omi kó tó dá òùngbẹ, a pè ọ́."

"Àmín!"

"Omi yìí kò ní gbẹ mọ́ wa lẹ́sẹ̀."

"Àmín o!"

"Oòrùn abúlé yìí kò ní wọ̀ lọ́sàn-án."

"Àmín, Màmá!" Ọkàn wọn ti ń balẹ̀. Roheemat ti ń nu ojú.

"Bí ẹ ti ṣe é fún ọmọ mi," Bámikẹ́ wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà, "kí Ọlọ́run ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ọmọ yín."

Àmín tó ti dé ọ̀nà ọ̀fun wọn padà. Roheemat fa Toheebat, ọmọbìnrin rẹ̀, sẹ́yìn ara rẹ̀. Fúnmilọ́lá fi apá tó kù fún un bo ikùn.

Bámikẹ́ la ojú. "N ò gbọ́ àmín."

"Màmá," Bàrúwà ń bẹ̀ ẹ́, "ẹ dákun, ẹ yí i padà."

"Kí ni mo fẹ́ yí padà, Bàrúwà? Ṣé ohun tí ẹ ṣe fún ọmọ mi kò dáa ni? Ẹ̀yin lẹ wá bá mi nílé tí ẹ ní ire ni. Bó bá jẹ́ ire, ẹ ṣàmín. Bó bá jẹ́ ibi, ẹ sọ fún mi pé ibi ni."

Kò sẹ́ni tó sọ èyí, kò sẹ́ni tó sọ tọ̀hún. Lókè orí wọn, táńkì kún, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbé garawa sí i.

Ó dúró dè wọ́n. Ó mọ̀ pé láfún tòun náà wà nínú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha kúrò. Ó mọ ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbé àdá. Ó mọ̀ pé àdúrà tó ti ẹnu jáde kì í yan ilé tí yóò wọ̀, àti pé òun náà ní ọmọ, ní ibikíbi tí ọmọ náà wà.

"Àmín," Bámikẹ́ wí, òun nìkan.